Ìtàn Iṣẹ́ Agbani-nímọ̀ràn ní Ilẹ̀ Yorùbá àti Ipò Èdè Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní àwọn ìlú ńlá wa lónìí, láti Èkó dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gba yàrá tiwọn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ tí ó ń pè wọ́n. Kí ni Yorùbá ń pè wọ́n? Bí a bá bi olùkọ́ mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí á gba ìdáhùn mẹ́wàá: olùdámọ̀ràn, agbani-nímọ̀ràn, agbani-níyànjú, olùtọ́sọ́nà, atuni-nínú, oníṣègùn ọkàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ìtàn ni ó bí wọn, ìtàn náà ni a sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwọn kan gbà pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí, pé ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé. A kò fara mọ́ èyí. Èrò tiwa ni pé ilé tí ènìyàn lè gbé ẹrù ọkàn rẹ̀ lọ, kí ó san owó, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìpayà láìsí pé gbogbo àdúgbò gbọ́ ohun tí ó bá a, ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí Òyìnbó tó dé. Ohun tí ó yí padà jù lọ ni èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà. Ibi tí èdè ti yí padà gan-an ni àṣìṣe ti wọlé, àṣìṣe tí ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ nígbà kan rí pé aláwọ̀ dúdú kò mọ ìbànújẹ́.

Kí Òyìnbó tó dé

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo kì í kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bá wá. Owó ni yóò mú lọ́wọ́, owó ẹyọ láyé àtijọ́, kọ́bọ̀ tàbí náírà lẹ́yìn náà. Yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ṣàlàyé èyí dáadáa nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1969. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ Ifá lọ. Ẹni tí ó wá ni yóò dá a dúró nígbà tí ó bá gbọ́ ìtàn tí ó jọ tirẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn kan rí àṣà yìí bí ọ̀nà láti dán babaláwo wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe ohun mìíràn tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ lé lórí: ó ń fi ẹni tí ó ní ìṣòro ṣe adájọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀. Obìnrin tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ kò ní láti la ẹnu sọ ìrora rẹ̀ fún ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Ìtàn ẹlòmíràn ni yóò gbọ́, ìtàn ẹranko tàbí ti igi pàápàá, tí yóò sì wí pé, "Èyí ni tèmi." Ní 1942 ni Carl Rogers tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó fi sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé darí ẹni tí ó wá bá wọn, kí wọ́n jẹ́ kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn ún. Ohun titun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ náà sí. A kò sọ pé Rogers àti babaláwo ń ṣe iṣẹ́ kan náà o. Rogers kì í yan ẹbọ, kò sì sí òrìṣà tí ó ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi kan ṣoṣo yìí ni a ti fi wọ́n wé ara wọn, ibẹ̀ náà sì tó.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó ń wo wèrè yàtọ̀ sí èyí. Ilé rẹ̀ ni aláìsàn ń gbé fún oṣù mélòó kan, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa bá a gbé ibẹ̀ kí ó lè máa dáná fún un. Wọ́n ń lo asofẹ́yẹjẹ, èyí tí ó ń mú aláìsàn sùn, tí ó sì ń rọ̀ ọ́ lára. Òògùn gidi ni. Láti ara igi kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó bá asofẹ́yẹjẹ tan, ni àwọn Òyìnbó ti yọ èròjà reserpine jáde ní 1952, wọ́n sì fi tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fún àwọn ọdún kan. Bí ara aláìsàn bá yá, wọn a mú un lọ sí odò, wọn a wẹ orí rẹ̀, aṣọ tí ó fi ṣàìsàn a sì bá omi lọ. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1957, ṣàpèjúwe ètò yìí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1964. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ni ètò odò náà pẹ̀lú. Ó ń sọ fún aláìsàn, ó ń sọ fún ẹbí, ó ń sọ fún àdúgbò pé ọ̀ràn náà ti lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba kò ní irú rẹ̀. Wọn a fún aláìsàn ní ìwé pé kí ó máa lọ sílé, ó parí.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àṣà bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn, pàṣán sì ń wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣègùn ìbílẹ̀ tí kò mẹ́nu ba èyí, ìdajì ìtàn ni ó ń kọ́ wọn.

Ilé Yábàá àti ọ̀ràn ògbufọ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn wèrè sí Yábàá ní Èkó pẹ̀lú aláìsàn 14. Òfin tí ó de irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde ní 1916. Ilé ìtìmọ́lé ni ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá ń da ìgboro rú ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, nípa àṣẹ ìjọba. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown wá láti ìlú Òyìnbó láti wo àwọn ilé wọ̀nyí, ìròyìn rẹ̀ tí ó jáde ní 1938 kò yìn wọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí èdè ti wọ inú ọ̀ràn yìí. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, aláìsàn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ ni ó wà láàárín. Ẹ wá ro ohun tí ògbufọ̀ lè fi àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ṣe: "Inú mi bàjẹ́." "Àyà mi ń já." "Ara mi kò lélẹ̀." "Orí mi ń gbóná." Bí ó bá ń túmọ̀ wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú, àyà, ara àti orí ni dókítà yóò kọ sínú ìwé, òògùn inú rírun àti ti orí fífọ́ ni yóò sì fún aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó kéré jù lọ mọ̀ pé inú tí ó bàjẹ́ kì í ṣe inú tí ó ń run ni. Yorùbá a máa fi ẹ̀yà ara sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń sọ pé ọkàn ènìyàn fọ́, kò sì sí dókítà kan tí ó jẹ́ wá ibi tí ó ti sán. Àwọn dókítà náà mọ àkànlò èdè tiwọn. Tiwa ni wọn kò mọ̀.

Ohun tí ó ti inú èyí jáde kò kéré. Ní 1953 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Kẹ́ńyà. Ó kọ ọ́ pé àìsàn ìbànújẹ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà, ó sì fi ọpọlọ aláwọ̀ dúdú tí ara rẹ̀ le wé ti Òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ ge nǹkan kúrò ní iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà. Àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí irú ilé tí Carothers ti ṣiṣẹ́ ni àwọn tí ó ń pariwo, tí ó ń ba nǹkan jẹ́. Ta ni yóò pe ọlọ́pàá sí ìyálé tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó sì dorí kodò láti oṣù mẹ́fà? Ilé rẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, tàbí lọ́dọ̀ babaláwo. Kò sí nínú ìwé ìjọba, nítorí náà wọ́n ní kò sí.

Ẹni tí ó fi hàn gbangba pé ó wà ni Margaret Field, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Obìnrin yìí ti kọ́ nípa àṣà àwọn ará ibẹ̀ kí ó tó di dókítà àrùn ọpọlọ. Ojúbọ ni ó lọ jókòó sí láàárín àwọn Ashanti, ó sì ń gbọ́ ohun tí àwọn tí ó wá ń sọ. Ó bá ọ̀pọ̀ obìnrin pàdé tí ó ń jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ni ó pa ọmọ àwọn. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1960, Field sọ pé àìsàn ìbànújẹ́ gan-an ni èyí, tí ó gbé aṣọ àṣà wọ̀. Ohun kan náà ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ní irú àìsàn yẹn yóò sọ, pé òun kò wúlò, pé gbogbo ẹ̀bi ọwọ́ òun ni. Ti Ashanti ń pe ara rẹ̀ ní àjẹ́.

Àrò

Ní 1944 ni wọ́n ti sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun àgbáyé kejì. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó tẹ̀ lé e ni ti Àrò, ní ẹ̀yìn ìlú. Thomas Adéoyè Lambo ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ní 1954. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, a bí i ní 1923. Ó ka ìwé ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí ó dé, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Kò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tí ó yí Àrò ká, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Àdéhùn tí ó bá wọn ṣe rọrùn láti yé. Aláìsàn kò ní dá wá. Ó kéré tán ẹbí rẹ̀ kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá a wá kí ó sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹbí náà ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Onílé yóò gba owó ilé. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn, omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì ń pa ẹ̀fọn. Bí ọ̀sán bá pọ́n, aláìsàn a padà sí abúlé, ó lè bá wọn lọ sóko, ó lè ta ayò. Àwọn abúlé náà jèrè, àwọn aláìsàn jèrè, owó tí ìjọba ì bá fi kọ́ ilé sì dín kù.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá sínú iṣẹ́ náà. Òògùn ilé ìwòsàn kò sí lọ́wọ́ wọn, iná mànàmáná tí wọ́n fi ń wo àwọn aláìsàn kan kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìpéjọpọ̀ àti ìbágbépọ̀ àwọn aláìsàn ní abúlé ni wọ́n ń bójú tó, wọ́n sì ń la Lambo lọ́yẹ̀ nípa ohun tí aláìsàn gbà gbọ́ pé ó ṣe òun. Àwọn dókítà kan kò fẹ́ràn èyí, wọ́n ní ó ń gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wálẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ṣe ewé tàbí egbò. Ní abúlé Àrò, Yorùbá ni aláìsàn ń sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ìdí tí ó fi ń bẹ̀rù àbúrò bàbá rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ògbufọ̀ kúrò láàárín.

Òkìkí Àrò kàn. Ní 1961 ni àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún náà gan-an ni Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell wá bá Lambo ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ní ìlú Abẹ́òkúta. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Nova Scotia ní Kánádà, wọ́n sì fẹ́ fi méjèèjì wéra. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n bá àwọn àmì àìsàn ìbànújẹ́ láàárín àwọn Yorùbá dáadáa: àìrí oorun sùn, àìlèjẹun, ẹkún, kí nǹkan sú ènìyàn. Yorùbá mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é. Orúkọ kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo wọn pọ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì ni kò sí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Carothers ṣe ṣubú. Àìsí orúkọ kì í ṣe àìsí àìsàn.

Yorùbá sì ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ní 1987 ni R. O. A. Makanjuola kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọdẹ orí, àìsàn tí nǹkan ń rìn nínú orí ẹni tí ó bá mú, tí ariwo ń wà ní etí rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí àyà rẹ̀ sì ń já. Dókítà lè pín in sí ìpayà tàbí ìbànújẹ́ nínú ìwé tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe kò sọ pé ìpayà mú òun. Ó ní ọdẹ kan wà nínú orí òun. Agbani-nímọ̀ràn tí kò bá mọ ohun tí ọdẹ ń ṣe nínú igbó, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ó ń ṣe nínú orí?

Ilé-ẹ̀kọ́

Prince tí a ti dárúkọ ṣáájú ni ó kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fúnra wọn ń pè ní brain fag. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti ìwé, orí rẹ̀ yóò máa gbóná, nǹkan yóò máa rìn ín lórí bí èèrà, omi yóò máa dà lójú rẹ̀, ohun tí ó ń kà kò sì ní wọlé. Prince gbà pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ Òyìnbó, tí ó ní kí oníkálukú dá jókòó ti ìwé tirẹ̀, ni ó kọlu ọmọ tí wọ́n tọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlàyé yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn tán. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dá owó ilé-ẹ̀kọ́ jọ fún, tí ó mọ̀ pé bí òun bá kùnà, ojú ìyá òun kò ní ṣeé wò, kò nílò àlàyé tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí orí rẹ̀ tó gbóná. Àwa tí a ń ṣe olùdánwò mọ ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìdánwò.

Àwọn ará ìlú Òyìnbó ti ń lo orúkọ yẹn fún àárẹ̀ ọpọlọ àwọn ọ̀mọ̀wé tiwọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé àwọn dókítà àrùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti 1994 kà á mọ́ àìsàn ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí ó jáde ní 2013 yọ ọ́ kúrò. Ní 2015, àwọn dókítà kan kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bóyá orúkọ náà ni ó ń parẹ́. "Orí mi ń gbóná" wà ní ẹnu àwọn ọmọ wa síbẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà àti ìgbani-nímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Frank Parsons ni ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Boston ní 1908 láti máa ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè yan iṣẹ́ tí ó bá wọn mu. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1959, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ St. Theresa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn wá bá àwọn ọmọbìnrin tí ó ń parí ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Àwọn agbani-nímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1976, ètò ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 sì fún iṣẹ́ náà ní àyè. Nítorí bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ ọ́n sí ni yíyan iṣẹ́ àti yíyan kókó ẹ̀kọ́. Láti ibí ni "olùtọ́sọ́nà" ti wá. Ẹni tí ó ń tọ́ni sọ́nà ti mọ ọ̀nà ṣáájú. Ẹni tí ó ń gbọ́ ìrora ọkàn kò mọ̀ ọ́n.

Yàrá aládàáni

Iṣẹ́ aládàáni gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lónìí tọpa sẹ́yìn dé ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, níbi tí Sigmund Freud ti ṣí yàrá tirẹ̀ ní 1886. Òun ni ó sọ ọ́ di òfin pé wákàtí kan jẹ́ ti ẹni kan, àti pé ẹni tí kò bá wá yóò san owó wákàtí tirẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Freud ni ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tí ó dára jù. Obìnrin kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Josef Breuer, ń tọ́jú ni ó pè é ní ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi pè é. Jámánì ni èdè abínibí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà le, kò lè sọ ọ́ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

A dárúkọ èyí nítorí pé ó tako ìfẹ́ ọkàn wa díẹ̀. Ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá láti sọ pé èdè abínibí nìkan ni a lè fi tú ọkàn palẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ọ̀rọ̀ náà le jù fún ẹnu wọn ní Yorùbá: ọ̀rọ̀ ibùsùn, ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ọ̀rọ̀ pé ènìyàn kórìíra ìyá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Agbani-nímọ̀ràn tí ó bá gbọ́n yóò jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, yóò sì kíyè sí ibi tí wọ́n ti yà padà sí Yorùbá, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an sábà máa ń wà.

Ìṣòro tí ó ga ju èyí lọ ni ti ọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Yorùbá ní "o" àti "ẹ". Bí agbani-nímọ̀ràn bá jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí ẹni tí ó wá jẹ́ ẹni ọgọ́ta, "ẹ" ni yóò lò, "Bàbá" tàbí "Mọ̀mọ́" ni yóò sì pè é. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ti di ọmọ. Bàbá yóò sọ pé, "Ṣé o ti lọ́kọ, ọmọ mi?" Ìjókòó wọn yí padà, àgbà ni ó wá ń gba ọmọ nímọ̀ràn. Kò sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí yóò kọ́ ni bí a ti ń bọ́ nínú èyí. Babaláwo ti rí ọ̀nà tirẹ̀ tipẹ́: kì í ṣe òun ni ó ń sọ̀rọ̀, Ifá ni, nítorí náà ọ̀dọ́ babaláwo lè sọ òótọ́ fún arúgbó.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ agbani-nímọ̀ràn pé kí ó má parí ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wá. Ní Yorùbá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Obìnrin tí ó bá sọ pé, "Bàbá àwọn ọmọ kì í tètè wọlé mọ́," ti sọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ sọ. Bí a bá dákẹ́ wò ó, yóò rò pé òye wa kò tó, tàbí pé a fẹ́ dójú tì í.

Ẹbí ńkọ́? Ní Àrò, ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú yàrá aládàáni, ẹbí kò gbọdọ̀ wọlé. A kò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni ó tọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ gan-an ni ó ń pa á lára, ilẹ̀kùn tí ó tì ni ìwòsàn. Fún ẹni tí wọ́n yóò padà gbé e lé lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, àṣírí tí ìyá kò gbọ́ lè di ẹrù titun. Owó sì tún wà níbẹ̀: ètò abúlé Lambo gba mẹ̀kúnnù, wákàtí aládàáni kò gbà á.

Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana ti dán ọ̀nà kan wò, níbi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àwọn olórí àdúrà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti jọ ń tọ́jú aláìsàn. Èsì rẹ̀ tí ó jáde ní 2020 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí sàn ju àwọn yòókù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 sì ni òfin titun nípa ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù ààrẹ, tí ó rọ́pò òfin àwọn wèrè tí a jogún láti ayé amúnisìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ. A kò fọwọ́ sí "agbani-níyànjú" fún iṣẹ́ yìí. Ìyànjú ni ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ ti gbà nílé kí ó tó wá: "Ṣe ọkàn akin," "Ọlọ́run wà," "Ìwọ nìkan kọ́." Ìgbà tí ìyànjú kò tó mọ́ ni ó fi wá. "Atuni-nínú" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀ ni. "Oníṣègùn ọkàn" yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ ro dókítà tí ó ń wo ọkàn tí ń lù kìkì nínú àyà. "Agbani-nímọ̀ràn" ni a lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé ó ti wọ́pọ̀, kì í ṣe nítorí pé ó pé. Fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀, a dábàá "ìwòsàn àjọsọ", nítorí pé ẹni méjì ni ó ń sọ ọ́. Ní ti àìsàn tí Carothers ní kò sí lọ́dọ̀ wa, àwọn kan ń kọ "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn", àwọn kan "ìbànújẹ́". Ìbànújẹ́ lè kọjá lọ́la, ìrẹ̀wẹ̀sì sì ni ti ẹni tí iṣẹ́ sú. A fara mọ́ "ìdoríkodò", tí ènìyàn lè fi ojú rí, tí ìyálé inú yàrá yẹn pàápàá yóò gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ nínú ìdánwò aáyan ògbufọ̀, kí olùdánwò fún un ní máàkì tí ó pé.